Àlàájà Oṣù Èṣí

Lọ́jọ́ fìdáù ìyá àgbà mi, lẹ́yìn tí àwọn àáfà ti ṣe àdúà tán tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri, ẹnì kan láàárín àwọn obìnrin agbo ilé wa dárúkọ "Oṣù Èṣí", gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Irú ẹ̀rín tí a fi ń rántí àgbà tó gbó tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Mo gbé àwo ọwọ́ mi sílẹ̀, mo dìde, mo tún jókòó, mo tún dìde. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè fìdí kalẹ̀ síbì kankan, nítorí mo mọ ohun tí wọn kò mọ̀ nípa orúkọ ìnagijẹ yẹn. Ẹni tó yẹ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín kọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni ó yẹ, mo sì tún jókòó síbẹ̀, mo panu mọ́.

Àlàájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Màmá ni èmi ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdúró, torí Màmá kò mọ ìjókòó. Kódà nígbà tó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí orúnkún ń dùn ún, ìdúró ló ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Á dúró lẹ́yìn àga, á máa fi aṣọ nu abọ́ tánganran tó ti nù lánàá, á gbọ́ ìlàjì ọ̀rọ̀, á sì ti wọ ilé ìdáná lọ. Kó tó padà dé, fíìmù ti parí. Á wá máa bi wá pé, "Ó fẹ́ ọmọbìnrin náà ṣá?" Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni Màmá. Abọ́ tánganran ló fi ohun tó lé lógójì ọdún tà lọ́jà Òkè-Ajé, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lórí ìdúró. Tí a bá ní kó sinmi díẹ̀, á ní: "Tí mo bá jókòó, ta ni yóò bá mi dìde?"

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ra dikódà tó ń gba ètò sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe l'Ódògbólú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo sì ń gbé. Ó ti sú mi láti máa sọ ìparí fíìmù fún un lálaalẹ́. Mo ní ẹ̀rọ yìí á máa gba ohun tó bá fẹ́ sílẹ̀ dè é, bí ó bá sì fẹ́ lọ ro ọbẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo wọn á dúró títí á fi padà. Ọkùnrin tó wá bá wa so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ bó o. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, "Níbo ló ń kó wọn sí?" Ọkùnrin náà ní inú ẹ̀rọ náà ni, mà. "Gbogbo èrò yẹn? Ṣé kò ní kún?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má ṣèyọnu, mà. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹni tó ń kó ẹrù sílé yẹ kó mọ bí yàrá ṣe tó."

Oṣù mẹ́rin péré ló fi kún. Ó kọ ọ́ sí ojú tẹlifíṣọ̀n pé àyè kò sí mọ́, ṣé kí òun pa àwọn àtijọ́ rẹ́? Màmá ní rárá, àfi kí n ra ibi ìkẹ́rùsí mìíràn so mọ́ ọn. Kò sí ohun tí a ò bá a sọ. Wáàsí ọdún tó kọjá wà níbẹ̀, ìkéde ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, ìdíje bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rọ náà ṣèèṣì gbà sílẹ̀ dípò wáàsí mìíràn wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn, ó wò ó tán, lórí ìdúró, ó ní àwọn ọmọ yẹn ló tíì jọ òun jù lọ nínú gbogbo ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde. Bí mo bá fẹ́ jí ọ̀kan pa rẹ́, á mọ̀. "Ohun tí kò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ," á ní, "kí ló ṣe ọ́?"

Ẹ̀rọ náà ní àrùn tirẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú lásán, á kú, á tún ara rẹ̀ tan, aago inú rẹ̀ á sì padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe nílùú wa. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ló kọ síwájú ohun gbogbo tó ti gbà sílẹ̀, ó sì ń tò wọ́n bó ṣe wù ú. Ìròyìn àná, ìròyìn ìjẹta, ìròyìn èṣí, "Ìròyìn" ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọjọ́ kan náà ló sì bí wọn. Mo sọ fún Màmá pé màá pe ọkùnrin yẹn padà wá tún un ṣe. N kò pè é. Gbogbo ìgbà ni mo ń sáré lọ síbì kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Màmá àti ẹ̀rọ yìí ni pé kò jẹ́ dá àgbà dúró. Bí ọ̀dọ́ bá ń ka ìròyìn tí omi sì hó, á tẹ bọ́tìnnì, á ní, "Dúró, ọmọ mi, mò ń bọ̀." Ọ̀dọ́ náà á lanu sílẹ̀, Màmá á lọ, á bọ̀, á ní, "Ó yá, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ." Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti hu ewú, ó parí. Wọ́n pe ìrun lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan sì ń sọ̀rọ̀ nípa oko kòkó lójú tẹlifíṣọ̀n. Màmá mú rìmóòtù dání, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ọ̀kan kalẹ̀, ó ń retí kí bàbá mí. Bàbá ò mí. Mo ní, "Màmá, ẹ dá a dúró, ẹ lọ kírun. Àwòrán ni." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní: "Àwòrán ta ni?"

Ìjà ńkọ́? Ó jà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà n'Ímùṣin fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Eré alátìgbàdégbà kan wà tí àwọn méjèèjì ń wò. Ìyá Ìmùṣin ń wò ó lọ́jọ́ tó ń jáde gan-an. Màmá ń gbà á sílẹ̀, ó ń wò ó díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọbẹ̀ bá gbà á láyè, ó sì ti ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́yìn. Ìyá Ìmùṣin pè lórí fóònù, kò tíì kí wa tán tó ti ní, "Ṣé ẹ rí i bí ọkọ yẹn ṣe kú?" Màmá gé fóònù náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bínú débi pé ó fọ gbogbo abọ́ ilé. Nígbà tí obìnrin náà wá bẹ̀ ẹ́, tó gbé odidi iṣu ewùrà méjì wá fún ìkọ́kọrẹ́, ó ní, "Ugbà wo lẹ tiẹ̀ máa débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?" Màmá dáhùn pé: "Má sọ ìparí fún mi. Mo ń bọ̀ wá bá a."

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń sá fún.

Láti ìgbà tí Màmá ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ra tẹlifíṣọ̀n ní agbo ilé wa, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oṣù ààwẹ̀ wà. Lálẹ́ ààwẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n, àwọn obìnrin ilé mọ́kànlá kì í wo sánmà. Abọ́ Àlàájà ni wọ́n máa ń dúró dè. Bí wọ́n bá ti kéde pé oṣù ti lé, Màmá á gbé abọ́ tánganran kan tó fẹ̀ jáde sí ojúde, á fi ọmọ orógùn lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, á kígbe "Ọlọ́hun tóbi!" Ààwẹ̀ parí nìyẹn, ọdún dé. Kódà nígbà tí fóònù wá dọ́wọ́ gbogbo wọn, abọ́ náà ni wọ́n ṣì gbà gbọ́, torí lọ́dọọdún ni ẹnì kan máa ń fi irọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù pé wọ́n ti rí i, òmíràn á ní wọn kò rí i. Abọ́ Àlàájà kò purọ́ rí.

Ọdún kẹta rèé. Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn ìṣínu, òjò tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé mọ́ṣáláṣí. Màmá fẹ́ wọ yàrá lọ ṣe àdúà, àdúà rẹ̀ sì máa ń gùn. Ó ní, "Mulíká, jókòó tì í. Gba ìròyìn náà sílẹ̀ fún mi, kí ìwọ náà sì máa gbọ́ ọ." Mo tẹ bọ́tìnnì. Fóònù mi dún. Ọkùnrin kan ni, ẹni tí mo rò nígbà náà pé n kò lè ṣe aláìfẹ́, tí n kò tilẹ̀ rántí ohùn rẹ̀ mọ́ lónìí. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i tí iná ṣẹ́jú. Mo rí i o. Mo ní ẹ̀rọ náà á mọ ohun tó máa ṣe.

Màmá jáde, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ojú tì mí láti sọ pé n kò sí níbẹ̀. Mo ní kó wò ó fúnra rẹ̀. Mo ṣí ibi tí àwọn ètò wà, mo tẹ "Ìròyìn" tó wà lókè pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń fi kéde rẹ̀ lọ́dọọdún: wọ́n ti rí oṣù, ọ̀la ni ọdún, kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ wa. Màmá gbọ́ ìyẹn, kò gbọ́ èkejì. Ó ti gbé abọ́ jáde. Èmi ṣì dúró pẹ̀lú rìmóòtù nígbà tí ẹni tó ń ka ìròyìn bọ́ sórí ọ̀rọ̀ afárá kan, ó ní wọn yóò ṣí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ti ń gba orí afárá yẹn kọjá láti ọdún tó kọjá. Ìròyìn èṣí ni Màmá gbọ́.

Níta, abọ́ dún lẹ́ẹ̀kìíní. Mo lè sáré. Ẹsẹ̀ mi ò wúwo, ilẹ̀kùn ò jìnnà. Abọ́ dún lẹ́ẹ̀kejì, mo ń sọ fún ara mi pé oṣù lè ti lé lóòótọ́, ta ni yóò mọ̀? Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọdé ti ń pariwo. Ìyá Ramọ́, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, la òjò kọjá wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní, "Àlàájà, ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Èkó pé wọn ò rí i o." Màmá ní, "Fóònù ló sọ ìyẹn. Ojú mi ni mo fi rí èyí." Ìyá Ramọ́ wo ẹ̀yìn Màmá, ó rí mi. Ó ní, "Mulí, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní, "A rí i, mà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò jí ṣe sààrì. A mu ẹ̀kọ gbígbóná, a jẹ mọ́ínmọ́ín, a wọ aṣọ ọdún, obìnrin ilé mọ́kànlá pẹ̀lú ọmọ wọn tò lọ sí Yídì. Ọkùnrin kan péré ló wà níbẹ̀, ó ń fi àdá gé koríko. Ó nàró, ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ọ̀la ni o. Wọn ò rí oṣù." Ọmọ kan bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun pọ mọ́ínmọ́ín padà. Bí a ṣe ń rìn padà pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn láàárín àwọn tó ń gba ọgbọ̀n ààwẹ̀ wọn, kálukú wọn ń kí wa tìyanutìyanu, Màmá ló ṣíwájú, kò sì yára, kò sì wo ẹ̀yìn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ti sọ tèmi, mo sì ń wo orí ẹni tó bà.

Mo rò pé yóò wọ yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn. Kò bọ́ aṣọ ọdún lọ́rùn. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí kàn. Obìnrin tí ọjà Òkè-Ajé mọ̀ pé kì í gba ẹ̀bi, tó ti bá oníbàárà jà títí ilẹ̀ fi ṣú lórí abọ́ tó là, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ilé tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Orúnkún tó ń dùn ún yẹn náà ni. Ìyàwó náà kígbe, òun náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní kí Àlàájà má pa òun. Màmá dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn kejì. Mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Èmi ni mo lu abọ́. Ẹ má wá ẹlòmíràn." Nígbà tó dé ilé Ìyá Ramọ́, ìyẹn fẹ́ tù ú nínú, ó ní, "Àlàájà, ẹ̀rọ yẹn ló tàn yín jẹ." Màmá mi orí. Ó ní: "Ẹ̀rọ kì í lu abọ́."

Mo dúró sí ìgbésẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, n kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a wọlé, ó ṣí gèlè rẹ̀, ó ní, "Mulíká, pa ti èṣí yẹn rẹ́." Òun, tí kò jẹ́ kí a pa bọ́ọ̀lù rẹ́. Mo pa á rẹ́. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣe é, ó wò mí pẹ́, ó sì lọ bọ́ aṣọ. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló rò pé ó ṣì í lọ́nà. Ó sì lè jẹ́ pé ó rí gbogbo rẹ̀ lójú mi, tó sì pinnu láti jẹ ẹ̀bi mi pẹ̀lú tirẹ̀. Tí mo bá dùbúlẹ̀, èyí ni mò ń rò. Tí mo bá dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, èyí náà ni.

Lẹ́yìn ọdún, gbogbo wọn jọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n jẹ padà, Màmá sì se ìkọ́kọrẹ́ fún ilé mọ́kànlá láti fi ṣínu. Lẹ́yìn ìyẹn ó gba ọjọ́ mọ́kànlá mìíràn fúnra rẹ̀. Lèmọ́mù gbọ́, ó wá bá a, ó ní, "Àlàájà, kò di dandan o. Ọjọ́ kan lẹ jẹ." Ó ní: "Mo mọ̀, Lèmọ́mù. Ara mi ni kò jẹ́ kí n jókòó lásán."

Kò lu abọ́ mọ́. Láti ọdún náà, fóònù ni kálukú ń wò, àríyànjiyàn sì ni a fi ń parí ààwẹ̀ lágbo ilé wa. Àwọn obìnrin náà sọ ọ́ ní Àlàájà Oṣù Èṣí, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà fún wọn. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀ lójúde, á ní, "Mo wà ńlé." Ọjọ́ tó kú nìkan ni mo bá a lórí ìjókòó, lórí àga tó ti máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, aṣọ ìnùbọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sunkún tí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, gbogbo ènìyàn ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ara mi kò balẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí àsàlátù tí àwọn obìnrin náà máa ń ṣe lówùúrọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà tán, mo dìde láàárín wọn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: fóònù, iná tó ṣẹ́jú, ìròyìn èṣí tí ọwọ́ mi tẹ̀, afárá. Mo ní abọ́ kò tíì dún lẹ́ẹ̀kìíní tí mo fi mọ̀. Mo ní Màmá kò parọ́, èmi ni mo parọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pè é ní Oṣù Èṣí mọ́.

Mo rò pé wọ́n máa bú mi, mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ramọ́, torí òun ló bí mi léèrè lọ́jọ́ náà, òun náà ló sì sọ Màmá lórúkọ. Ó ká ẹní rẹ̀, ó tú u, ó tún un ká. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

Ó ní, "Ọdún mẹ́ta, Mulí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ, ìwọ náà a sì máa bá wa rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo máa ń bá yín rẹ́rìn-ín."